Ǹjẹ́ Ọgbọ́n Ọmọdé Ṣe É Wọ̀n?

Ní ìgbà tí bàbá bàbá mi wà ní kékeré, olùkọ́ kì í béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé ọmọ tí ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí olùkọ́ máa ń ṣe ni pé yóò ní kí ọmọ náà gbé apá ọ̀tún kọjá lórí àtàrí rẹ̀, kí ó sì fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni a fi apá àti etí wọn mọ ọjọ́ orí wọn báyìí. Bàbá mi àgbà wà nínú wọn. Apá rẹ̀ kúrú. Ó sọ fún wa pé òun mọ iye ewúrẹ́ tí ó wà ní agboolé àwọn, òun sì lè dá mọ ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ìka òun kò dé etí, ọdún kan gbáko ni òun sì fi ń wo àwọn ẹgbẹ́ òun láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Nígbàkúùgbà tí bàbá bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń rín. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ kan fún yín, kí ẹ sì bá mi dá a.

Ní Bàríga ni mo ń gbé, ní ojúlé kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n tó ti Akọkà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ sí yunifásítì láràárọ̀. Ìyá kan wà ní ojúlé wa tí ó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. N kò ní í dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Àlàbí. Bí Àlàbí bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ó sì ti jẹun, Ṣómólú ni ó ń gbà lọ, sí ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ Èkó tí kò mọ̀ pé ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú: ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà òkú àgbà, ìwé àdúrà, inú àwọn yàrá kóńkóló àdúgbò náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde wá. Iṣẹ́ Àlàbí ni láti máa ka bébà. Ó mọ̀ pé ewé 500 ni ó wà nínú rímù kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan wá tẹ ìwé àdúrà 200, tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ewé bébà mẹ́jọ. Kí ẹ̀gbọ́n tó rí bírò tí ó ń wá, Àlàbí ti ní, "Rímù mẹ́ta, ẹ óò sì tú òmíràn mú ọgọ́rùn-ún kún un." Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìwé kan ti ilé ẹ̀kọ́ Àlàbí wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní a ti dán ọgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì náà wò. 74 ni Àlàbí ní. Ọpọlọ rẹ̀ kò yá. Yóò sì dára bí ìyá rẹ̀ bá lè wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó bá a mu kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àlàbí gbé ìwé náà tọ̀ mí wá, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní:

"Bọ̀ọ̀dá, 74 nínú mélòó? Bí ó bá jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ni, ṣebí ó yege? Kí ni wọ́n tún ń lé e sí?"

N kò mọ èsì. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè, tí mo ń fi ẹnu họra láàrín ẹgbẹ́ mi, n kò mọ èsì ìbéèrè tí aláta ẹ̀wà bi mí. Mo lọ wádìí.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní ọdún 1905, ní ìlú Parísì, Alfred Binet àti Théodore Simon kó ìbéèrè ọgbọ̀n jọ, láti orí èyí tí ó rọrùn jù lọ dé orí èyí tí ó le jù lọ, kí wọ́n lè fi mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún, kí a sì wá ọ̀nà àrà ọ̀tọ̀ láti kọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Binet fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ọgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè wọ̀n bí ẹni wọn igi, ó sì takò àwọn tí ń sọ pé bí a ti bí ọmọ sí náà ni yóò wà títí ayé. Ó kú ní ọdún 1911. Ní ọdún 1912, William Stern, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ní kí a máa fi ọjọ́ orí ọmọ pín ọjọ́ orí ọgbọ́n rẹ̀. Ní ọdún 1916, Lewis Terman ní Amẹ́ríkà fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá lè ṣe kìkì ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ṣe, 80 ni yóò ní. Láti ìgbà tí David Wechsler ti gbé ìdánwò ti àwọn ọmọdé jáde ní ọdún 1949, ọ̀nà náà ti yàtọ̀ díẹ̀: a ó ka iye èsì tí ọmọ gbà, a ó wá fi wé ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú tábìlì kan, ẹni tí ó bá wà ní àárín gbùngbùn ni a fún ní 100. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa ń wà láàrín 85 àti 115. Ọmọ tí kò tó 70 kò ju bí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, 100 kì í ṣe òpin máàkì. Àárín ọ̀nà ni. Ohun tí 74 sì ń wí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ Àlàbí, bí mẹ́rin péré ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo padà lọ sọ èyí fún ìyá rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń bu ẹ̀wà fún oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè, ó kàn ní:

"Ẹgbẹ́ rẹ̀ níbo?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ìbéèrè yìí. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Paul Schwarz, ará Amẹ́ríkà kan, wá ṣe ìdánwò ẹ̀bùn ọpọlọ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ó rí i pé ìdánwò tí a kàn gbé wá láti òkè òkun kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àfi bí a bá fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀, tí a fi ohun tí ojú rí hàn, tí a sì jẹ́ kí àwọn tí a ń dán wò kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1979, Robert Serpell fi àwọn ọmọ Lusaka ní Zambia wé àwọn ọmọ Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n wo àpẹẹrẹ kí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pẹ́ńsù àti bébà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ Manchester ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tí ó jẹ́ wáyà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ Lusaka, tí wọ́n ń fi wáyà ṣe mọ́tò ìṣeré lójoojúmọ́, ni wọ́n borí. Nígbà tí ó di ti amọ̀, wọ́n dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé pẹ́ńsù nìkan ni ọkùnrin yìí gbé dání, kí ni ìbá kọ sínú ìwé nípa àwọn ọmọ Lusaka?

Nígbà tí mo ti ka èyí, mo gbà pé mo ti rí ibi tí ẹjọ́ fì sí. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣẹ Àlàbí; bí a bá fi Yorùbá bi í, ọgbọ́n rẹ̀ yóò tú jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní yunifásítì, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ gíga nípa iṣẹ́ ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wa wo ọmọ náà. Ó ní òun yóò wò ó, òun kò ní í lo ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ lò, nítorí pé ẹni tí ó bá tún rí ìbéèrè kan náà láìpẹ́ yóò dà bí ẹni tí ó gbọ́n sí i. Ó ní kí èmi jẹ́ ògbufọ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé èmi ni mo fẹ́ gba ọmọ náà là.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, a máa ń ka òǹkà mélòó kan sí ọmọ létí kí ó tún wọn kà. Mo fi Yorùbá kà wọ́n: èjì, ẹ̀sán, ẹ̀rin, ẹ̀fà. Àlàbí kà á. Nígbà tí ó di márùn-ún, ó gbàgbé ọ̀kan. A tún dán an wò, ó tún gbàgbé ọ̀kan. Àǹtí ní kí n fi Gẹ̀ẹ́sì ka òmíràn. Àlàbí ka márùn-ún, ó ka mẹ́fà, kò tilẹ̀ mí. Ojú tì mí. Ìdí kan ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ka nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ọkọ̀ láti kékeré. Bóyá ìdí kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: láti ení títí dé ẹ̀sán, kò sí òǹkà wa tí kò ní sílébù méjì, nínú mẹ́sàn-án ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan ṣoṣo, èyíinì èje, ni ó ní méjì. Ní ọdún 1980, Ellis àti Hennelly fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì máa ń rántí òǹkà tí ó kéré bí wọ́n bá fi èdè Wales kà á, nítorí pé pípe òǹkà èdè náà ń pẹ́ lẹ́nu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ẹ bá wá wo àwọn ọmọ méjì tí agbára ìrántí wọn dọ́gba, èdè nìkan lè mú kí ọ̀kan dà bí onígbàgbé. Èmi tí mo wá fi Yorùbá gba Àlàbí là ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Yorùbá rì í.

Ibòmíràn wà tí Yorùbá ti ràn án lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàrín èmi àti Àǹtí. Kò tọ́ kí n kọ ìbéèrè inú ìwé ìdánwò síhìn-ín, nítorí pé ìdánwò tí gbogbo ayé ti mọ̀ kì í ṣe ìdánwò mọ́. Àpẹẹrẹ tèmi ni n ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a bi ọmọ léèrè pé báwo ni ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe jọra. Ọmọ tí ó bá ní "èso ni wọ́n" yóò gba máàkì méjì. Ọmọ tí ó bá ní "a máa ń bó wọn kí a tó jẹ wọ́n" yóò gba ẹyọ kan. Irú èsì kejì yìí ni Àlàbí ń sọ ṣáá. Mo ní kí Àǹtí fún un ní méjì. Mo ní ta ni ó sọ pé orúkọ ìdílé ohun gbọ́n ju ohun tí a ń fi í ṣe lọ? Mo rán an létí àwọn Kpelle ilẹ̀ Liberia, tí Michael Cole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1971. Wọ́n kó ogún nǹkan síwájú àwọn àgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn àgbẹ̀ kó ọ̀bẹ mọ́ ọsàn, nítorí pé ọ̀bẹ ni a fi ń gé ọsàn. Wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n yóò ti ṣe é nìyẹn. Nígbà tí a wá bi wọ́n pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ti ṣe é, wọ́n kó oúnjẹ sọ́tọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀, gẹ́lẹ́ bí òyìnbó ti ń retí!

Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kọ̀. Ẹyọ kan ni ó kọ. Mo bínú, mo ní ọkàn rẹ̀ le. Ó ní:

"Àbúrò mi, ṣé o mọ èènì?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

"Bí aláta gààrí bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú, olè ni. Bí ó bá sì fẹ́ràn oníbàárà, yóò wọn kóńgò pé, yóò wá bu èènì lé e lójú gbogbo ènìyàn. Èènì dára, ṣùgbọ́n èènì kì í ṣe ara kóńgò. Bí mo bá fún Àlàbí ní méjì níbi tí àwọn ọmọ tí a fi ṣe tábìlì ti gba ẹyọ kan, kóńgò mi ti yàtọ̀ sí tiwọn. N kò lè fi í wé wọn mọ́, irọ́ ni iye tí mo bá sì kọ."

Ó wá sọ ìtàn kan fún mi. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń nà fún ọdún méjì ní ilé àti ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n mú un wá fún ìdánwò, gbogbo èyí tí ó jẹ́ ti àwòrán ni ó ṣe ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tí a fi ẹnu bi í ni kò lè dáhùn. Àlàfo tí ó wà láàrín méjèèjì ni ó jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa. "Bí mo bá ti ṣàánú rẹ̀," ni Àǹtí wí, "tí mo bu máàkì kún ti ẹnu, àlàfo náà ìbá dí, wọn ìbá sì máa nà án lọ."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀, mo sì ti gbà báyìí pé Àǹtí jàre lórí èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jàre, ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ 74 náà jàre? Wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa. Wọn kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ṣe ojúsàájú. Ìbéèrè tí mo wá fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí ó sọ òótọ́ nípa òǹkà lè ṣe èké sí ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ babaláwo ṣe àkàwé. Bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, odù tí ó bá yọ ni ó yọ. Kì í torí pé ojú oníbàárà ń ṣe é láàánú kí ó fi ọwọ́ dojú èso ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan dé. Níbi kíka ojú odù, kò sí àánú, kò sì sí ìkà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ odù kan pọ̀. Yóò máa kì wọ́n títí oníbàárà yóò fi sọ pé ọ̀rọ̀ òun nìyí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹnu nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò yan ẹbọ, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ibi tí ń bọ̀ fún ọ tí kò sì sọ ohun tí ìwọ yóò ṣe sí i, ẹ̀rù ni ó wá dà bò ọ́. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ sí ìyá Àlàbí ka ojú odù pé, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, kò sì yan ẹbọ kankan ju pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lọ.

Ìtumọ̀ sì ni ó le jù. Àwa Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí òyìnbó fẹ́ wọ̀n yìí. A ní ọgbọ́n, a ní ìmọ̀, a ní òye, a ní làákàyè. Ọmọ tí ó mọ̀wé lè máà lóye. Ọmọ tí ó lóye lè máà mọ̀wé. Ọmọ tí ó bá ń yára dáhùn kí àgbà tó sọ̀rọ̀ tán, a kì í pè é ní ọlọ́gbọ́n; ọmọ tí ó fi etí sílẹ̀, tí ó wo iwájú tí ó wo ẹ̀yìn, òun ni a ń yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìdánwò wọ̀nyí ń lo aago, ẹni tí ó bá yára ni ó ń jèrè. N kò sọ pé ìyára kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó wọn ìyára kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti wọn òye.

Ẹlòmíràn lè sọ pé orí Àlàbí ni, pé bí ó ti yàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi orí nìkan sílẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ó ń gbé orí dé ibi tí ó ń lọ. Ohun tí a rí láyé òde òní kò sì yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1984, James Flynn fi hàn pé láàrín ọdún 1932 àti ọdún 1978, máàkì àwọn ará Amẹ́ríkà nínú ìdánwò yìí gòkè ní bí 14. Orí tí wọ́n gbé wáyé kò lè yí padà láàrín ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ilé ẹ̀kọ́, ìwé, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni ó yí padà. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe jù wọ́n lọ. Ní Ṣómólú níhìn-ín, kò sí ilé lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tí a kì í ti í fi ìdánwò ìrònú ọ̀rọ̀ àti ìrònú òǹkà kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò wíwọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà. Ohun tí a lè kọ́ báyìí ní ọ̀sán gangan, báwo ni a ó ṣe pè é ní àyànmọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá parí ìtàn Àlàbí. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Àǹtí ní kí ìyá rẹ̀ mú ìwé àjẹsára ọmọ náà wá, nítorí pé ọjọ́ orí ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọ inú tábìlì. Ìyá náà kò fẹ́ mú un wá. Ó ní ó ti sọ nù. Ní ọjọ́ kejì, ó mú un wá, a ká a sínú ọ̀rá. Àlàbí tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù méjì ni ní ọjọ́ tí wọ́n dán an wò.

"Èmi ni mo fi kún un," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń gbà nígbà náà. Mo ní ọjà tí mo fẹ́ máa tà, kò sí ẹni tí yóò bá mi gbé e. Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi ni mo wá sọ ọmọ mi di òpè?"

Àǹtí mú àwọn èsì àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́. Kò yí èsì kan padà, kò fi máàkì kan kún un. Ó kàn lọ sí tábìlì àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. 74 di 83. Ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé irú iye bẹ́ẹ̀ lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ ní bí márùn-ún tàbí mẹ́fà bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni. Pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi dán ọmọ náà wò. Pé kò sí ẹni tí ó tọ́ kí a sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé lórí máàkì nìkan láìwo bí ó ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ yìí sì ń dá wọ kẹ̀kẹ́ láti Bàríga dé Ṣómólú, ó ń gba ṣéńjì rẹ̀ pé. Àti pé ìwé kíkà ni ó ṣòro fún un ní tòótọ́, nítorí náà kí a máa bá a kàwé fún ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Kóńgò nìyẹn, èènì sì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀kan pa èkejì mọ́.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé Àlàbí ti di ọ̀gá kíláàsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. 83 ṣì wà lẹ́yìn àárín, ìwé kíkà ṣì ń ni í lára. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà kí ó dúró, ó sì ń kàwé lọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó lọ sí Ṣómólú. Bí àánú bá ti mú wa sọ pé ìdánwò irọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kì bá tí mọ̀ pé ìwé kíkà ni ìṣòro rẹ̀. Bí a bá sì ti gba ìwé àkọ́kọ́ gbọ́, kì bá tí sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ti ka ìwé.

Ìdájọ́ tèmi nìyí, ẹ̀yin náà ẹ dá tiyín. Ẹni tí ń ṣírò máàkì kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ tàbí ìkórìíra bọ inú rẹ̀, nítorí pé òǹkà tí a bá ti fọwọ́ kàn kò lè fi ibi tí ó ń dun ọmọ hàn wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró sórí òǹkà, tí kò béèrè pé ta ni a fi ọmọ yìí wé, èdè wo ni a fi bi í, ọdún mélòó ni ó jẹ́ ní tòótọ́, àti kí ni a ó ṣe fún un lọ́la, ẹni náà lè ṣírò rẹ̀ pé pérépéré kí ó sì ṣèké sí ọmọ. Òótọ́ òǹkà kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òótọ́ ènìyàn. Ìyá Àlàbí tí kò kàwé ni ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè: 74 nínú mélòó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ níbo.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ọdún Àjíǹde, mo bi bàbá mi àgbà bóyá ó ṣì ń bínú sí olùkọ́ tí ó dá a padà nítorí apá rẹ̀. Bàbá ní rárá. Ó ní, "Olùkọ́ kò purọ́. Apá mi kúrú lóòótọ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo dúró níwájú rẹ̀ títí, kò sì bi mí ní nǹkan kan."